Bí a ṣe ń ka èsì kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n lára ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó ti pẹ́

Mọ́tò tó ti lo ogún ọdún lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ lójú títì Òṣogbo. Kòròpẹ́ tó ń kó èrò ní Old Garage, Camry Orobo tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, Carina tí tíṣà ń gbé lọ síṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìkìrun, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá bá mẹkáníìkì. Ẹ́ńjìnnì ò fà mọ́. Ó ń gbọ̀n tó bá dúró. Ó ń mu ọ́ìlì. Èéfín ń jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń gbọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kí wọ́n lọ ra tokunbo míì.

Owó ẹ́ńjìnnì tokunbo kì í ṣe owó kékeré, gbígbé e láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó wá sí Òṣogbo tún ní owó tirẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an tí èèyàn bá ná gbogbo owó yìí tán, tí a wá tú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà, tí a rí i pé fáàfù kan ṣoṣo ló jóná. Géèjì kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n, tó ń wọn agbára tí sìlíńdà fi ń ki afẹ́fẹ́ pọ̀, ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n géèjì ò lè sọ̀rọ̀ fún ẹni tó kàn wo nọ́ńbà kan tó sì dájọ́. Ohun mẹ́ta la máa ń wò pa pọ̀: ìyàtọ̀ láàárín sìlíńdà kan sí èkejì, bí ọwọ́ géèjì ṣe ń gòkè, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bu ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Mọ́tò oní-bẹntiróòlù ni mo ń sọ. Kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n dísù ga ju èyí lọ fíìfíì, géèjì bẹntiróòlù ò sì lè gbà á, ẹ má fi dán an wò.

Ohun tí géèjì ń wọ̀n

Tí písítọ̀n bá ń gòkè nígbà tí àwọn fáàfù, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti jáde, wà ní títì, ó ń ki afẹ́fẹ́ pọ̀ sójú kan, bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò dí ẹnu páńpù kẹ̀kẹ́ tó wá ń tì í. Ibi tí afẹ́fẹ́ yẹn sábà máa ń gbà sá ò ju mẹ́ta lọ: ẹ̀gbẹ́ písítọ̀n, níbi tí ríǹgì wà, ìdí fáàfù, àti ojú ibi tí tọ́ọ̀pù sìlíńdà ti pàdé búlọ́ọ̀kù, níbi tí gásíkẹ́ẹ̀tì wà. Písítọ̀n tó lu tàbí tọ́ọ̀pù tó sán náà wà, àmọ́ wọn ò wọ́pọ̀ tó mẹ́ta yẹn. Èwo nínú wọn ló ń jò ni gbogbo iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí ń wá.

Psi ni ọ̀pọ̀ géèjì tí à ń rí rà fi ń kà. Tí tiyín bá jẹ́ bar, 1 bar jẹ́ 14.5 psi. Tó bá jẹ́ kg/cm², ẹyọ kan jẹ́ 14.2 psi.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù àtijọ́ máa ń wà láàárín 120 sí 180 psi tí ara wọn bá le. Ìwé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì yín gan-an ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Fún 5S-FE, ẹ́ńjìnnì 2.2 tó wà nínú Camry Orobo, Toyota sọ pé 178 psi ni ó yẹ kó ní, pé kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 142, àti pé ìyàtọ̀ láàárín sìlíńdà méjì kò gbọdọ̀ ju 14 psi lọ. Ẹ fi ti ilẹ̀ wa kún un: Òṣogbo ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bí 300 mítà, afẹ́fẹ́ wa sì fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ti Èkó lọ. Ìyẹn nìkan lè yọ psi márùn-ún tàbí mẹ́fà kúrò. Ẹni tó bá rí 172 lára Orobo kò ní àìsàn kankan láti wá.

Ìmúrasílẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ èsì ti máa ń bàjẹ́ kí géèjì tó wọ ihò púlọ́ọ̀gì.

Bátìrì ni àkọ́kọ́. Toyota ní kí ẹ́ńjìnnì máa yí tó ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìdánwò. Bátìrì tó ti rẹ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà gbogbo sìlíńdà á sì wá sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ló ti gbó. Ẹ gba agbára sí i dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tàbí kí ẹ fi wáyà so ó mọ́ bátìrì mọ́tò míì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná bó ṣe máa ń gbóná lójú iṣẹ́. Ẹ gbé e jáde láti Oríta Ọláìyá, ẹ rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán kí ẹ tó padà. Tí mọ́tò ò bá lè ta rárá, ẹ ṣe é ní tútù, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé àwọn sìlíńdà yìí nìkan lẹ lè fi wé ara wọn, ẹ ò lè fi wọ́n wé nọ́ńbà inú ìwé.

Ẹ fẹ́ ìdọ̀tí àti yanrìn kúrò ní ìdí púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó tú u. Yanrìn tó bá jábọ́ sínú sìlíńdà á máa ha ògiri rẹ̀. Ẹ rọra tú wọn, torí alumíníọ́ọ̀mù ni tọ́ọ̀pù, ìlà ihò púlọ́ọ̀gì sì tètè máa ń ya nígbà tó bá gbóná. Èyí tó bá le koko, ẹ ní sùúrù kó tutù díẹ̀. Gbogbo púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ tú, kì í ṣe ti sìlíńdà tí ẹ fẹ́ wọ̀n nìkan, kí kíìkì-sítátà lè yí ẹ́ńjìnnì láìsí ìnira.

Ẹ tò wọ́n sórí àkísà ní ìtẹ̀léra, láti 1 dé 4, kí ẹ sì wo ojú wọn dáadáa. Èyí tí ọ́ìlì rin gbingbin, ẹ rántí nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́, tí àwọn yòókù sì dúdú, ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ sìlíńdà rẹ̀. Ẹ̀rí nìyẹn kí géèjì tó dé rárá.

Ẹ wá pa iná àti epo. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì tàbí ti dísítíríbútọ̀, kí ẹ sì yọ fúùsì EFI kí nọ́súù má baà tú epo. Bẹntiróòlù ń jáde lẹ́nu ihò mẹ́rin tó ṣí sílẹ̀, ẹ má fi eré ṣe é: iná kékeré kan lè dá wàhálà sílẹ̀. Fún ẹ́ńjìnnì oní-kábúrétọ̀, ẹ yọ wáyà àárín kọ́ìlì kí ẹ so ó mọ́ ara irin, kí ẹ sì ṣí sóòkù sílẹ̀. Jíà ní nútírà, hándíbíréèkì ní fífà.

Géèjì tí à ń dè mọ́ ihò púlọ́ọ̀gì ni mo fẹ́ràn jù. Èyí tó ní rọ́bà ṣóńṣó tí à ń fi ọwọ́ tẹ̀ mọ́ ihò máa ń jò bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ẹni tó ń lò ó á sì rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀ bóyá kò tíì gé.

Wíwọ̀n ọ́n

Ẹ de géèjì mọ́ sìlíńdà 1, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnì kan jókòó sídìí ọkọ̀, kí ó tẹ tìróótù dé ilẹ̀ kó má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí tìróótù bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà wọlé, géèjì á sì parọ́. Kí ó wá yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ máa ka bí ọwọ́ géèjì ṣe ń fò. Fífò kan, ìmí kan ni ẹ́ńjìnnì mí. Ẹ kọ nọ́ńbà ìmí àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó mí bíi márùn-ún sí mẹ́fà títí tí ọwọ́ náà ò fi ní gòkè mọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Iye ìmí kan náà ni kí ẹ fún gbogbo sìlíńdà. Ẹ tẹ géèjì kó padà sí òdo, ẹ lọ sí èkejì. Sìlíńdà tó bá ṣàjèjì, ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sílẹ̀, àdánù ńlá sì ni, torí òun gan-an ló ń fi ríǹgì hàn yàtọ̀ sí fáàfù.

Kíkà á

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ tò àwọn nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí èyí tó kéré jù má ṣe lọ sísàlẹ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó ga jù. Bí èyí tó ga jù bá jẹ́ 170, èyí tó kéré jù gbọdọ̀ tó 128. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí fífẹ ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń fún wa ní 170 àti 130 á ṣì máa rìn, ṣùgbọ́n á máa gbọ̀n tó bá dúró, ẹ sì ti mọ ibi tí ìyọnu ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ díẹ̀, láti sìlíńdà 1 dé 4. 168, 172, 165, 170. Ìmí àkọ́kọ́ ga, ìkejì àti ìkẹta parí iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì yìí le. Bí mọ́tò náà ò bá fà, ẹ wá a sí epo, sí iná púlọ́ọ̀gì, tàbí sí sàlẹ́ńsà tó dí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú tọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn láìnídìí. Ẹ́ńjìnnì lè ní kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n tó dára báyìí kó sì máa mu ọ́ìlì, kó máa tú èéfín tó rí bíi búlúù. Ríǹgì tó ń mú afẹ́fẹ́ dúró yàtọ̀ sí ríǹgì tó ń nu ọ́ìlì ara ògiri sìlíńdà, orí písítọ̀n kan náà ni wọ́n kàn wà. Géèjì ò rí ti ọ́ìlì. Kò sì rí rọ́bà kékeré tó wà lọ́rùn fáàfù, tí a ń pè ní fáàfù síìlì. Tí èéfín náà bá pọ̀ nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta mọ́tò láàárọ̀, tàbí nígbà tí ẹ dúró pẹ́ nínú súnkẹrẹ ní Òkè Fíà tí ẹ wá tẹ tìróótù, tó sì lọ lẹ́yìn náà, fáàfù síìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti ríǹgì.

172, 170, 35, 168. Sìlíńdà 3 nìkan ló ní ìyọnu. Ẹ wo ìmí àkọ́kọ́ rẹ̀: bó bá jẹ́ 30, tí ìmí mẹ́fà ò sì gbé e kọjá 35, fáàfù ló ń jò. Ihò tó wà ní ìdí fáàfù kì í dí bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì mí tó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tú tọ́ọ̀pù, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kí ẹ wọn àlàfo fáàfù. Bí fáàfù bá ṣe ń jẹ ìjókòó rẹ̀ ni àlàfo ń dín, títí fáàfù ò fi ní lè tì mọ́. Tí ẹ bá tètè bá a, ṣíṣètò àlàfo náà nìkan lè dá kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n padà. Tí ó bá ti ń jò pẹ́, iná á ti jó o létí, tọ́ọ̀pù sì gbọdọ̀ wá sílẹ̀. Òdo pátápátá tún yàtọ̀: písítọ̀n tó lu, fáàfù tó ṣẹ́, tàbí fáàfù tó há ní ṣíṣí.

168, 95, 90, 170. Sìlíńdà 2 àti 3 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì wá sílẹ̀ pa pọ̀. Ó ṣòro kí fáàfù méjì tó sún mọ́ra jóná lọ́jọ́ kan náà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn ló ti ya, èkíní ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú èkejì. Ẹ bi onímọ́tò bóyá ọkọ̀ náà ti gbóná kọjá ààlà rí. Nígbà tí tọ́ọ̀pù bá wá sílẹ̀, ẹ fi irin tó tọ́ wọ̀n ọ́n bóyá ó ti tẹ̀. Tí ẹ bá fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sórí tọ́ọ̀pù tó tẹ̀, owó gásíkẹ́ẹ̀tì kejì lẹ ń tọ́jú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá a kó tẹ́jú.

118, 122, 115, 120. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó dọ́gba. Èyí ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù, torí òun ni wọ́n ń wò tí wọ́n á fi ní ẹ́ńjìnnì ti gbó. Kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí ìmúrasílẹ̀: bátìrì ń kọ́? Ṣé tìróótù ṣí tán? Ṣé ẹ́ńjìnnì gbóná? Lẹ́yìn náà, ẹ wo àmì táímìn bẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń mú kí fáàfù ṣí kó sì tì lásìkò. Bẹ́ẹ̀tì tó fo eyín kan tàbí méjì á mú kí fáàfù pẹ́ kó tó tì, gbogbo sìlíńdà á sì wá sílẹ̀ lọ́gbọọgba. Bí ẹ bá ti ta mọ́tò náà títí láìjó kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, bẹntiróòlù á ti fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, ìyẹn náà ń jò. Bí gbogbo èyí bá dára, ó ku ọ̀rọ̀ ríǹgì, ọ́ìlì ló sì máa sọ òótọ́ rẹ̀.

Mọ́tò tí wọ́n gbé pa mọ́ fún oṣù púpọ̀, bóyá ẹni tó ni ín rìnrìn àjò, máa ń fún wa ní nọ́ńbà burúkú nígbà àkọ́kọ́. Ríǹgì ti lẹ̀, ìpẹtà wà ní ìdí fáàfù. Tó bá lè ta, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún un wọ̀n. Mo ti rí èyí tó gòkè padà láìfọwọ́ kan ohunkóhun.

215, 180, 210, 178. Tí ó bá ga ju ti ìwé lọ, kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Èédú ti kóra jọ lórí písítọ̀n, tàbí ọ́ìlì ń wọlé síbẹ̀, àyè tí afẹ́fẹ́ ń wà sì ti dín. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ máa ń kọ kàràkàrà tó bá ń gun òkè.

Ìdánwò ọ́ìlì

Ẹ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó kún ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì sínú sìlíńdà tó kéré, láti ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì kó tàn ká, ẹ wá wọ̀n ọ́n bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má bù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́ìlì púpọ̀ á gba àyè afẹ́fẹ́, nọ́ńbà á ga lásán, bó bá sì pọ̀ jù, písítọ̀n lè kọlu ún kó tẹ apá rẹ̀.

Ọ́ìlì náà ń dí ẹ̀gbẹ́ ríǹgì fún ìgbà díẹ̀, kò sì ní ohun tó lè ṣe fún fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí 118 bá di 155, ríǹgì tàbí ògiri sìlíńdà ló ti jẹ. Ìmí yóò ti jẹ́rìí sí i ṣáájú: ríǹgì tó gbó máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, 50, 75, 95, tó ń fi díẹ̀díẹ̀ gun. Bí 35 bá di 38, ẹ fi ríǹgì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù ni. Bí 90 bá di 120, tí kò dé ibi tó yẹ, ó ṣeé ṣe kí méjèèjì wà níbẹ̀, ohun tó wọ́pọ̀ lára ẹ́ńjìnnì àgbà sì ni. Ìdánwò yìí ò ṣeé gbára lé lára Subaru, torí sìlíńdà rẹ̀ dùbúlẹ̀, ọ́ìlì á rọ̀gún sí ìsàlẹ̀ nìkan.

Tí ríǹgì bá ti gbó, ẹ ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́ kí ẹ tó ná owó. Eruku ọ̀nà tí wọn ò tíì dá ọ̀dà sí nígbà ọyẹ́ ló ń jẹ ríǹgì jù níbí, gba inú fílítà tó ya tàbí rọ́bà rẹ̀ tó tú. Bí ihò yẹn bá wà síbẹ̀, ríǹgì tuntun náà ò ní pẹ́.

Bí iyèméjì bá ṣì wà

Fọkanáísà tó wà nítòsí lè bá yín parí ẹ̀. Ẹ gbé písítọ̀n sìlíńdà tó ń jò dé òkè pátápátá níbi tí fáàfù rẹ̀ wà ní títì, ẹ de ọ̀pá géèjì láìsí fáàfù kékeré ẹnu rẹ̀, ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ẹ yọ sípánà kúrò lórí bóòtù púlè kí ẹ sì jìnnà sí bẹ́ẹ̀tì, torí afẹ́fẹ́ lè yí ẹ́ńjìnnì lójijì. Ẹ wá fetí sílẹ̀. Bó bá ń sán fìì lẹ́nu ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ríǹgì ni. Lẹ́nu sàlẹ́ńsà, fáàfù ìjáde. Níbi tìróótù, fáàfù ìwọlé. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ọ̀pù tó sán.

Ẹni tó bá wá pinnu pé ẹ́ńjìnnì tokunbo lòun máa rà, kó mú géèjì yìí lọ sọ́jà. Ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀ ṣeé wọ̀n bí kíìkì-sítátà àti ilé jíà bá ṣì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì tó le. Ní tútù ni, nítorí náà ìdọ́gba ni kí ẹ wá ju gíga lọ, kí ẹ sì kọ ìmí àkọ́kọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á. Bí kò bá gbà kí ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e.